Ìrìn ẹsẹ̀ létíkun Pembrokeshire pẹ̀lú amọ̀nà ọmọ ibẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àríkẹ́_Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù karùn-ún, oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa lò lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, inú ilé ni wọ́n wà látàárọ̀ dalẹ́, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò, mo sì rí i lójú wọn pé ayé sú wọn. Lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́ mú wọn jáde dáadáa. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi fi fọ́tò etíkun Pembrokeshire ní Wales hàn mí, ọkàn mi ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ní èèyàn lè háyà amọ̀nà tó máa bá wọn rìn lórí bèbè òkun fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, kí ọkọ̀ máa gbé ẹrù wọn ṣáájú láti ilé àlejò kan dé òmíràn.

Àwa márùn-ún ni: èmi, màmá (ọdún 66), àǹtí mi méjì tí wọ́n ti lé ní 50, àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11. Ara màmá le, wọ́n ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà Bódìjà, àmọ́ orúnkún ọ̀tún máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn. Ṣé ibẹ̀ ò ní le jù fún wọn? Apá ibo ni kí n mú? Ṣé dandan ni amọ̀nà, báwo ni mo sì ṣe máa mọ èyí tó dáa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti débẹ̀ rí ni kó dá mi lóhùn.

Bàbá_Cardiff

Àríkẹ́, o káre láé. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń gbé ní Wales, mo sì ti rin ọ̀nà yẹn tán, díẹ̀díẹ̀, láàárín ọdún mẹ́fà. Máìlì 186 ni, láti St Dogmaels ní àríwá dé Amroth ní gúúsù. 1970 ni wọ́n ṣí i. Bí o bá ro gbogbo òkè tí èèyàn máa pọ́n lójú ọ̀nà náà pọ̀, ó ju 10,000 mítà lọ, ìyẹn ju gíga òkè Everest fúnra rẹ̀ lọ. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé iye máìlì nìkan kọ́ ni kí o máa wò. Máìlì mẹ́rin tó ní kòtò mẹ́ta láàárín lè pa èèyàn ju máìlì mẹ́jọ tó tẹ́jú lọ, ìsọ̀kalẹ̀ ló sì ń ba orúnkún jẹ́, kì í ṣe ìgòkè.

Má mú ìyá rẹ lọ sí ìparí àríwá, láàárín St Dogmaels àti Newport. Ibẹ̀ ni bèbè òkè ti ga jù, ní Cemaes Head ó tó mítà 175, kò sí ṣọ́ọ̀bù lọ́nà, ibi tí ọkọ̀ lè ti gbé ẹni tó bá rẹ̀ ò sì wọ́pọ̀. Ẹ fi St Davids ṣe ibùdó, kí ẹ máa jáde láti ibẹ̀ láràárọ̀ kí ẹ sì máa padà síbẹ̀ lálẹ́. Bí ẹ bá ń kó láti ilé kan dé òmíràn lójoojúmọ́, ẹ gbọ́dọ̀ parí ìrìn ọjọ́ yẹn dandan, bó rẹ̀ yín bí kò rẹ̀ yín. Ẹni tó ní ibùdó kan, ó lè dúró ní ìdajì ọ̀nà kó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

St Davids fúnra rẹ̀ á wu ìyá rẹ. Òun ló kéré jù nínú gbogbo ibi tí wọ́n fún ní oyè ìlú ńlá ní Britain, àwọn ará ibẹ̀ ò tó 2,000, nítorí kàtídírà ló ṣe gba oyè yẹn. Inú kòtò ni wọ́n kọ́ kàtídírà náà sí, o lè dé etí rẹ̀ kó o tó rí òrùlé rẹ̀. Kò jìnnà síbẹ̀ ni St Non's wà, lórí bèbè òkun. Wọ́n ní ibẹ̀ ni Non ti bí Dáfídì mímọ́, alábòójútó ilẹ̀ Wales, nínú ìjì, kànga kan sì wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn ṣì ń lọ bu omi rẹ̀. Láyé àtijọ́ Póòpù Callixtus Kejì ní kí wọ́n ka ìrìn àjò mímọ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ sí St Davids sí ẹ̀ẹ̀kan lọ sí Róòmù. Láti St Non's dé èbúté kékeré Porthclais, ìrìn ìrọ̀rùn ni. Ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, Abereiddi sí Porthgain, bíi máìlì méjì. Ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta pẹlẹbẹ tẹ́lẹ̀, tí òkun ti wọ inú rẹ̀. Blue Lagoon ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tí ara bá yá gbogbo yín, kí ọkọ̀ gbé yín lọ sí gúúsù, sí Stackpole Quay. Ẹ ó rìn díẹ̀ lọ sí Barafundle, etí òkun tí ọkọ̀ kankan ò lè dé, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí àwọn adágún òṣíbàtà ní Bosherston. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú ju ti àríwá lọ.

Nípa amọ̀nà: mo rò pé kí o háyà ẹnìkan. Pè é lórí fóònù kó o tó san kọ́bọ̀. Bi í léèrè pé ìwé ẹ̀rí wo ló ní: Lowland Leader tàbí Hill and Moorland Leader ló yẹ irú ìrìn yìí. Bi í bó bá ní ìnṣọ́ránsì, bó bá ti kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, àti èèyàn mélòó ló ń kó lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ohun tí èmi máa ń fetí sí jù ni ohun tí òun bá bi mí. Amọ̀nà gidi, kí o tó sọ̀rọ̀ tán, á ti bi ọ́ pé orúnkún ta ló ń dùn, ta ló ń bẹ̀rù ibi gíga, bàtà wo lẹ ní. Èyí tó bá ń sọ pé "kò sí wàhálà" ṣáá, tí kò bi ọ́ ní nǹkan kan, má fún un lówó.

Tìjání_Leeds

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ẹ má bínú o, èmi ò rò pé amọ̀nà pọn dandan. Àmì kóró igi óákù (acorn) wà lára àwọn òpó lójú ọ̀nà, òkun sì wà lápá kan yín nígbà gbogbo. Máàpù méjì péré ló kó gbogbo rẹ̀ tán, OS Explorer OL35 fún àríwá àti OL36 fún gúúsù. Èmi àti ìyàwó mi rìn ín fún ọjọ́ márùn-ún láìsí ẹnikẹ́ni, a ò sì ṣìnà. Kí àwọn àǹtí fi owó amọ̀nà jẹun.

Ọmọ_Ìlàjẹ

Arákùnrin Tìjání, àmì lè tọ́ yín sọ́nà lóòótọ́, àmọ́ kò lè sọ fún yín ìgbà tí omi ń bọ̀.

Ayétòrò ni wọ́n ti bí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú wa mọ ohun tí òkun ti ṣe fún wa, ilé bàbá mi ti wà lábẹ́ omi báyìí. Mo rò pé mo mọ òkun. Nígbà tí mo dé Pembrokeshire mo rí i pé òkun tiwọn yàtọ̀. Lọ́dọ̀ wa, láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà, ìyàtọ̀ rẹ̀ ò ju bíi mítà kan sí méjì lọ. Ní Milford Haven ó lè ju mítà mẹ́fà lọ! Ibi tí o ti fẹsẹ̀ gbígbẹ kọjá láàárọ̀, ọkọ̀ ojú omi lè máa gba ibẹ̀ lọ́sàn-án.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo lọ, ilé iṣẹ́ kan ló ṣètò rẹ̀ fún wa, mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹni tí wọ́n fún wa kì í ṣe ará ibẹ̀, láti ìlú tó jìnnà ni wọ́n ti rán an wá. Ọmọlúàbí ni, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, àmọ́ kò wo ìwé àkókò omi. A dé Sandy Haven, ibi tí èèyàn ti ń gba orí àwọn òkúta sọdá odò nígbà tí omi bá fà, omi ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yí i po máa rin bíi máìlì mẹ́rin sí i. Obìnrin kan wà láàárín wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹkún ló sun débi tí a ń lọ. Irú ibi kejì wà nítòsí Dale, wọ́n ń pè é ní Gann. Ọjọ́ tí ẹ bá máa gba ọ̀kan nínú méjèèjì, àkókò omi ni kó sọ ìgbà tí ẹ máa jáde nílé, kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀.

Mo padà lọ lọ́dún kejì. Ọkùnrin apẹja tẹ́lẹ̀ kan ló mú wa lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Ó dúró ní Newgale, ó fi òkúta wẹ́wẹ́ tó wà létí òkun hàn wá, bí wọ́n ṣe ga tó òkìtì, ó ní ìjì ló ń kó wọn wá títí dé orí títì. Ó mú wa wo ẹnu ọ̀nà Milford Haven, níbi tí ọkọ̀ epo Sea Empress ti forí sọ òkúta lóṣù kejì ọdún 1996, tí epo rọ̀bì tó tó 72,000 tọ́ọ̀nù dà sínú òkun. Ó sọ bí àwọn ṣe ń fọ epo kúrò lára ẹyẹ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Èmi ọmọ etí òkun elépo dúró níbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé ọwọ́ lé mi léjìká ni. Máàpù ò lè ṣe ìyẹn fún mi.

Nọ́ọ̀sì_Birmingham

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara, torí iṣẹ́ mi nìyẹn.

Àǹtí Àríkẹ́, ẹ ra ọ̀pá ìrìn méjì fún màmá, èyí tó ṣeé fà gùn. Tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fà á gùn díẹ̀ kí wọ́n sì máa gbára lé e, ó máa ń dín ẹrù orúnkún kù gan-an. Kí bàtà wọn jẹ́ èyí tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Kí wọ́n wọ̀ ọ́ rìn láàárín ilé àti àdúgbò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, ẹ má gbé bàtà tuntun jáde nínú páálí lọ́jọ́ ìrìn. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ wọ reluwé lọ sí Box Hill ní Surrey ní ọjọ́ Sátidé kan, ẹ gun òkè ibẹ̀ kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀. Bí orúnkún bá ṣe rí lọ́jọ́ kejì lẹ máa fi mọ iye máìlì tí ẹ máa sọ fún amọ̀nà.

Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó wà nínú àpò tí wọ́n gbé sẹ́yìn, kó má bá ẹrù lọ nínú ọkọ̀. Omi ńkọ́? Atẹ́gùn ibẹ̀ máa ń tutù, èèyàn ò ní mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, kí wọ́n máa mu díẹ̀díẹ̀.

Eégbọn wà nínú koríko àti ewé tó bá ga. Kí gbogbo yín wọ ṣòkòtò gígùn, lálẹ́ kẹ́ ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún àti abíyá wò, pàápàá ti ọmọ náà. Eégbọn ibí lè kó àìsàn Lyme ranni. Bí awọ ara bá pupa ní róbótó láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ rí dókítà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò fún màmá kí wọ́n tó kúrò ní Nàìjíríà, kẹ́ ẹ sì kà á bóyá ó gba ìrìn orí òkè. Ẹni tó wá ṣe àbẹ̀wò, bí wọ́n bá dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, owó gọbọi ni ilé ìwòsàn máa bù fún un. Mo ti rí ọmọ tó ń san gbèsè ìyá rẹ̀ fún ọdún méjì.

Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ lórí bèbè òkun, ẹ pe 999, kẹ́ ẹ sì sọ pé Coastguard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun, lẹ fẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dúró kan níbẹ̀, ìdí mìíràn rèé tí mo fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ amọ̀nà.

Àríkẹ́_Peckham

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Ọmọ Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo ti bá amọ̀nà méjì sọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní "kò sí wàhálà" gẹ́lẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Obìnrin ni ẹnì kejì, ó fi ogún ìṣẹ́jú bi mí nípa orúnkún màmá, ó tún ní ṣé màmá lè jókòó sórí koríko kí wọ́n sì dìde fúnra wọn. Òun ni mo mú. Ẹ wá sọ fún mi nípa oúnjẹ. Ọ̀kan nínú àwọn àǹtí mi, mùsùlùmí ni wọ́n, màmá ò sì fẹ́ràn oúnjẹ tí kò láta.

Alhaja_Swansea

Àríkẹ́, àǹtí yín tó jẹ́ mùsùlùmí yẹn, ẹja ni kí wọ́n fi ọkàn sí. Ìlú ẹja ni Porthgain, èyí tí wọ́n ń ta níbẹ̀ dùn. Mi ò tíì rí ilé oúnjẹ hàláàlì kan ní St Davids, torí náà ilé tó ní kíṣìnì ni kẹ́ ẹ gbà dípò B&B (ilé àlejò tó ń fúnni ní oúnjẹ àárọ̀), kẹ́ ẹ gbé ẹran yín láti Peckham nínú kúlà. Èmi máa ń dín ata, màá rọ ọ́ sínú ìgò, màá sì se jọ̀lọ́ọ̀fù sínú fúláàsì fún ọ̀sán. Láàárín bèbè òkè kan sí èkejì kò sí ibi tí èèyàn ti lè ra nǹkan kan. Kí màmá tọ́ bara brith wò, búrẹ́dì eléso ni, ó bá tíì mu dáadáa. Laverbread náà wà, ewédò òkun tí wọ́n sè títí tó fi yọ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ torí ó rán mi létí ewédú, ọkọ mi ò lè gbé e mì.

Ilé ìyàgbẹ́ wà ní ibùdókọ̀ tó tóbi, kò sí lójú ọ̀nà. Àwọn àgbàlagbà ní láti mọ èyí ṣáájú. Ní ti ìrun, mo ti kí Súhúrì lórí koríko nítòsí St Justinian, tí mo ń wo erékùṣù Ramsey lódìkejì. Amọ̀nà wa kó àwọn tó kù jókòó sápá kan títí mo fi parí. Ẹ kàn sọ fún un ṣáájú, á fi àkókò sílẹ̀.

Tìjání_Leeds

Mo ti ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìlàjẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo gbà fún yín. Ọ̀dọ́ ni èmi àti ìyàwó mi, ti màmá yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un: àwọn bọ́ọ̀sì kan ń gba etíkun lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Puffin Shuttle àti Strumble Shuttle ni èmi wọ̀. Bí ibi tẹ́ ẹ dúró sí ò bá léwu, ẹ na ọwọ́, wọ́n á dúró. Tí ó bá rẹ àǹtí kan, kó wọ bọ́ọ̀sì lọ dúró dè yín níwájú. Reluwé ò dé St Davids o, Haverfordwest ló mọ, bọ́ọ̀sì ló kù.

Bàbá_Cardiff

Mo gbàgbé nǹkan kan. Bí ẹ bá lọ sí gúúsù, ẹ máa fẹ́ rí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré St Govan, tí wọ́n há sáàárín òkúta lórí òkun. Wọ́n ní iye àtẹ̀gùn tí èèyàn kà nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ kì í bá iye tó kà nígbà tó ń gòkè mu. Ọmọ ọdún 11 máa gbádùn ìyẹn. Àmọ́ inú ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun ti ń yìnbọn ṣe ìdánrawò ló wà, Castlemartin. Bí àsíá pupa bá wà lókè, ẹ padà. Kí amọ̀nà yín wo àkókò ìyìnbọn wọn kẹ́ ẹ tó gbéra.

Àríkẹ́_Peckham

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti lọ, a ti bọ̀! Mo ṣèlérí pé màá ròyìn.

Ọjọ́ kìíní, St Non's sí Porthclais, bí Bàbá ṣe wí. Òdòdó aláwọ̀ osùn bo gbogbo bèbè òkun. Màmá bu omi kànga náà, wọ́n fi ra orúnkún, wọ́n gbàdúrà fún gbogbo ọmọ wọn lórúkọ lórúkọ, amọ̀nà wa dúró pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́ títí wọ́n fi ṣe àmín. Ẹyẹ kan kọjá, ó dúdú bíi kannakánná, ẹnu rẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa. Obìnrin yẹn ní chough ni, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tóun máa rí i nìyẹn.

Ọjọ́ kejì ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo sanwó fún. Oòrùn ràn láàárọ̀, a ti wọ bàtà tán. Ó dé, ó wo ojú ọ̀run, ó ní a ò ní lọ sórí bèbè lónìí, atẹ́gùn máa le lọ́sàn-án. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Ó mú wa lọ sí kàtídírà, lẹ́yìn náà ó mú wa gba ọ̀nà àárín oko, níbi tí ọgbà òkúta ti dá atẹ́gùn dúró. Ó ń túmọ̀ orúkọ fún ọmọ mi: Porth ni èbúté, Pen ni orí, Aber ni ẹnu odò. Màmá ní "àwọn náà ń sọ ilẹ̀ lórúkọ bíi tiwa, Orí-Òkè, Etí-Ọ̀sà." Ó tún sọ ìtàn Jemima Nicholas fún wọn, obìnrin aránbàtà ará Fishguard. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé gúnlẹ̀ síbẹ̀ lóṣù kejì ọdún 1797, wọ́n ní ó gbé fọ́ọ̀kì ìkóríko, ó mú ọkùnrin 12 nínú wọn, ó kó wọn wá sí ìlú. Àwọn àǹtí mi pariwo! Nígbà tó di aago méjì, atẹ́gùn náà dé. Igi ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Tó bá ṣe pé èmi ni mo ń darí wọn, a ti wà lókè nígbà yẹn.

Abereiddi la lọ lọ́jọ́ kẹta. Màmá wo Blue Lagoon fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní ó dà bíi pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọwọ́ aró sínú rẹ̀. Ọ̀pá ìrìn ṣiṣẹ́ gan-an, ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ kẹrin, ọmọ mi àti àǹtí kan wọ ọkọ̀ ojú omi láti Martin's Haven lọ sí erékùṣù Skomer, wọ́n rí puffin, ẹyẹ òkun kan, tó ń gbé ẹja kọjá láàárín ẹsẹ̀ wọn. Àtẹ̀gùn tó lé ní 80 ló wà níbi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, màmá ní àwọn ò lọ, a jókòó lórí koríko a ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ tètè gba tíkẹ́ẹ̀tì, iye èèyàn tí wọ́n ń gbà lójúmọ́ níwọ̀n.

Màmá ní kí n béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Wọ́n fẹ́ sún ìrìn àjò wọn tó ń bọ̀ sí oṣù kẹsàn-án torí amọ̀nà sọ fún wọn nípa ọmọ seal, ẹranko inú òkun kan. Ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn lè rí wọn láti òkè láìwọ ọkọ̀ ojú omi?

Ọmọ_Ìlàjẹ

Lóòótọ́ ni. Láti ìparí oṣù kẹjọ títí wọ oṣù kọkànlá ni wọ́n ń bímọ, funfun ni ọmọ wọn, orí òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ bèbè ni wọ́n máa ń sùn sí. Ẹ lọ sí Deer Park ní Martin's Haven, ibẹ̀ gan-an tẹ́ ẹ ti jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹ mú awò tó ń fa nǹkan súnmọ́ dání fún màmá, kẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Bí ìyá rẹ̀ bá rí èèyàn nítòsí, ó lè sá fi ọmọ sílẹ̀.